Níbo làwọn oṣó ilẹ̀ gbígbẹ ti máa pọnmi?

Ìbéèrè tó wọlé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ìlú àwọn oṣó tó fara pamọ́ sí àríwá Ìlọrin, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ táútáú. Mo ti ya máàpù rẹ̀: òkìtì yanrìn, ràkúnmí, ilé alámọ̀, odi gíga. Ọ̀rẹ́ mi kan kà á, ó ní irọ́ ni, pé idán kì í gbé ilẹ̀ gbígbẹ, inú igbó dúdú bíi ti Oǹdó àti Ìjẹ̀bú làwọn oṣó ń gbé. Ẹlòmíràn ní kí n kó gbogbo wọn lọ sórí òkè Sóbí. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní SS2 ló wá bi mí ní èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́: níbo ni wọ́n á ti máa pọnmi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i."

* * *

Àbúrò rẹ ló gbọ́n jù nínú gbogbo yín. A máa padà sórí omi yẹn, mo kàn fẹ́ kọ́kọ́ lé ràkúnmí rẹ jáde nínú ìlú ná.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì lápá Ìgbómìnà kí n tó kó wá sí Ìlọrin. Kò sọ́dún tí ọmọ kan kì í kọ ọ́ sínú ìdánwò pé téèyàn bá ti kọjá Bodè Sáàdú lójú ọ̀nà Jẹ́bà, aṣálẹ̀ ló kù. Báírò pupa mélòó ni mo fà tán sórí ọ̀rọ̀ yẹn! Òjò Ìlọrin lọ́dún tó nǹkan bí 1,200 mìlímítà. Ti Maiduguri ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ, Maiduguri pàápàá ò sì tíì di aṣálẹ̀. Ọ̀dàn nilẹ̀ wa. Koríko tó ga ju èèyàn lọ, igi tó fàyè sílẹ̀ fún ara wọn: èmì, igbá, osè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà dàgbà ní Ọ̀fà. Ẹ̀yìnkùlé yín, yanrìn ló wà níbẹ̀ ni àbí oko iṣu?

Gbígbẹ tiwa, àsìkò ni. Òjò á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún tara ṣàṣà dé nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, ó ti dágbére. Ó wá ku nǹkan bí oṣù márùn-ún tí ewé ń wọ́, tí iná ń jó pápá, tí ètè ń sán, tí odò kéékèèké ń di ọ̀nà ẹsẹ̀. Ìlú tó bá wà nírú ilẹ̀ yìí, ayé méjì ló ń jẹ, ti òjò àti ti ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú máàpù rẹ, oòrùn kan náà ló ń ràn láti ojú ìwé kìíní dé òpin.

* * *

Gbígbẹ kejì wà lábẹ́ ilẹ̀, òun làwọn tó ń kọ ìtàn kì í rí.

Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, orí àpáta líle àtayébáyé ni gbogbo wọn jókòó sí, irú èyí tó yọrí síta ní Sóbí. Àpáta yìí kò ní ihò wínníwínní tí omi lè sá pamọ́ sí bíi ti òkúta oníyanrìn tó wà lápá Lafiagi àti Pategi. Ibi méjì péré lomi ti lè dúró nínú rẹ̀: ìpele òkè tó ti jẹrà di ilẹ̀ àti yangí, àti ibi tí àpáta náà bá ti sán. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga bá ibi tó sán, ẹ rí omi. Bí ẹ bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, eruku lẹ máa mu.

Ojú mi ló rí i. Kànga dẹ̀rọ méjì la gbẹ́ nínú ọgbà ilé wa. Àkọ́kọ́ tú eruku funfun láti àárọ̀ dalẹ́, títí aṣọ tí ìyàwó mi sá fi dà bí ohun tí wọ́n yí nínú láfún. Èkejì bá omi, nínú oṣù kẹsàn-án. Tó bá ti di oṣù kejì ọdún, ẹ̀rọ á máa húkọ́, ọ̀rọ̀ á di ti mẹ́ruwá àti kẹ́ẹ̀gì. Ìyá kan tó wà lẹ́yìn odi wa, kànga tiẹ̀ kì í gbẹ. Mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyá yẹn.

* * *

Ní ti ibi tí ìlú náà máa wà, ohùn mẹ́rin ló ń tẹnu àwọn tó ka ìbéèrè rẹ jáde.

Àwọn tó pọ̀ jù ní Sóbí. Mo mọ ìdí ẹ̀. Òun ló ga jù nílùú, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ pé ibẹ̀ làwọn èèyàn ń sá sí nígbà ogun. Ṣùgbọ́n bárékè ṣọ́jà ló wà ní Sóbí báyìí. Oṣó wo ló máa ṣe tán tó máa lọ gbalé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè? Ẹnì kan fèsì pé àféèrí ni wọ́n á lò, ojú ò ní rí wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àféèrí lè bo èèyàn. Ṣé ó lè bo èéfín ìdáná igba ilé? Ṣé ó lè bo òórùn ìgbẹ́ ewúrẹ́ wọn? Ẹ jẹ́ ká wá ààtàn fún wọn ná ká tó mọ odi.

Àwọn kan ní Ẹ̀sìẹ́, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000 tó wà níbẹ̀, tí ìtàn ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Musíọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí, ní 1945. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi débẹ̀. Èèyàn á rò pé ẹni tó di òkúta lójijì á la ẹnu sílẹ̀ tàbí kó na ọwọ́ sókè. Ṣe làwọn yẹn jókòó pẹ̀sẹ̀, wọ́n dirí aláràbarà, àwọn míì mú ohun ìjà dání bí ẹni tó ń retí àlejò. Ibi tó ti lólóhun, tó ti ní ìtàn tiẹ̀, tí wọ́n ti ń bọ kí wọ́n tó bí wa, má lọ kọ́lé lé e lórí. Gba ibẹ̀ kọjá. Jẹ́ kí oṣó rẹ kan wọlé síbẹ̀ bí àwọn tó ń wòran, kó dá ojú ẹnì kan mọ̀ láàárín àwọn ère náà, kó sì jáde láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn tó orí ìwé kan.

Àwọn tó ní omi Òwu, èyí tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ìfẹ́lódùn: ó ga ju 100 mítà lọ, ó tutù, ó dára. Ilẹ̀ gbígbẹ la ní ká sọ̀rọ̀ lé.

Ó ku àpáta tó dúró sáàárín odò Ọya ní Jẹ́bà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní àpáta jùjú, tí àwọn Nupe tó ni ín ń pè ní Ketsa. Ká sọ tòótọ́, òun ló wù mí jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ ọmọ Nupe ni kó kọ ìyẹn. Bí ìwọ ọmọ Ọ̀fà bá kọ ọ́, wàá fi ìjàkadì sí i.

* * *

"Idán kì í gbé ilẹ̀ gbígbẹ."

Bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè kí ni ààjà ń wá nínú igbó dúdú. Níbi tí igi ti fún pọ̀, ààjà ò ráyè yíra. Ọ̀sán gangan ló ń dìde, nígbà tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná bí agbada, lórí pápá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ti gbóná ju ti òkè lọ, ó ń gòkè, ó ń yí bí ìrànwú, ó ń kó eruku àti eérú. Bí mo ṣe kọ́ ọ nínú kíláàsì nìyẹn. Ìyá mi kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tó bá rí i lọ́nà oko, á fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á ní ká panu mọ́, nítorí ó ń gbé èèyàn lọ. Ẹni tí ààjà bá gbé, ó lè lo oṣù mẹ́ta, ó lè lo ọdún méje, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó wà. Tó bá wá padà délé, kò sí ewé tí kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sí egbò tí kò mọ oògùn rẹ̀.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́ dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń júwe yẹn! Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oṣó tó ń rìn kiri lórí ọ̀dàn, tó ń fúnra rẹ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́, tí kì í ta fọ́ọ̀mù, tó ń wọlé ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń gba ìsinmi nígbà òjò. Kí lo tún ń mọ odi gíga fún? Odi ni wọ́n fi ń dá ọmọ dúró, ìyẹn nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà lójú kan.

Ẹnì kan bínú sí mi pé mo ti fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ba ààjà jẹ́. Mi ò rí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Èmi àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀ nípa pápá kan náà, ní ọ̀sán kan náà. Òun kàn rí ẹni tó wà láàárín rẹ̀.

* * *

Kí n tó gbàgbé: osè. Tí àwọn ará igbó bá ní ìrókò, osè ni tiwa. Inú rẹ̀ máa ń ṣófo tó bá dàgbà, igi rẹ̀ sì ń fa omi òjò pamọ́ sára. Bí o bá ń wá ilẹ̀kùn ìlú náà, o ti rí i.

* * *

Ìjà tó gbóná jù lọ rèé. Ẹnì kan láti Òkè Ìmálẹ̀ ní kí ló dé tá a fẹ́ sọ Ìlọrin di ìlú oṣó, ìlú àfáà ni, ìlú kéú. Ọmọ Òmù-Àrán kan ní kí wọ́n kúkú fi tiwọn sílẹ̀, àwọn ní idán tó tó ìwé mẹ́wàá lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ náà gba ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì dárúkọ bàbá ara wọn níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oríkì ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, ìlú tóbi tó yìí wọn ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ẹ wakọ̀ nǹkan bí 80 kìlómítà sí apá gúúsù ìlà-oòrùn, ẹ bá ara yín láàárín àwọn Ìgbómìnà, níbi tí egúngún Ẹlẹ́wẹ ti ń jó. Kí ló máa mú kí oṣó ibì kan jọ ti ibì kejì? Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni kó o kọ. Mo sì mọ ohun tó máa fà á láàárín wọn. Omi ni.

Wọ́n mú mi lọ sílé kéú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àfáà wa á fi tàdáà kọ̀wé sórí wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo, á fún ẹni tára rẹ̀ ò yá mu: hàntú nìyẹn. Lóṣù kẹta ọdún, nígbà tí kànga ti lọ sísàlẹ̀, bí ẹ bá rí bó ṣe ń da omi yẹn, ẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé ohun olówó iyebíye ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò pe àfáà ní oṣó o, kí ẹnikẹ́ni má wá mi wálé. Ìtàn la ń kọ, omi yẹn nìkan ni mo mú níbẹ̀. Jẹ́ kí àwọn oṣó ìhà kan jẹ́ oníwàláà, tí iṣẹ́ wọn ò lè ṣe láìsí omi. Jẹ́ kí àwọn ìhà kejì jẹ́ ọlọ́fọ̀.

Ọlọ́fọ̀ ò nílò omi, ẹnu ló nílò. Á jẹ ataare, á pe ohun tó fẹ́ pè. Àmọ́ ọyẹ́ ti sán ètè! Ta ló lè pe ọfọ̀ já gaara lóṣù kìíní? Ẹni tó bá ṣì í pè, orí ara rẹ̀ ló máa dà á lé. Nítorí náà, ohun èlò tí ọlọ́fọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ kì í fi sílẹ̀ nílé ni òrí, èyí tí wọ́n ṣe látara èso èmì. Á fi pa ètè láàárọ̀, á tún fi pa á kó tó là á. Lọ́jọ́ tí òrí bá tán lọ́jà, ọlọ́fọ̀ di èèyàn bíi tèmi àti tìẹ. Mo rò pé ìyẹn dára ju ọ̀pá idán lọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀, ẹ̀yìnkùlé wa nigi rẹ̀ wà.

* * *

Ẹnì kan ní ká má lo "oṣó" rárá, pé ẹni ibi ni, pé babaláwo kì í ṣe oṣó, oníṣègùn kì í ṣe oṣó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n oníwèé ló ni ìwé ẹ̀, bó bá wù ú kó tún ọ̀rọ̀ náà rọ, kó tún un rọ. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí oṣó inú ìtàn jẹ́ akíkanjú ọkùnrin, kí àjẹ́ inú rẹ̀ wá jẹ́ ìyá arúgbó tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ jẹ. A ti kọ ìyẹn tó. Ojú gidi ló sì ń bá àwọn arúgbó gidi rí nítorí rẹ̀.

Ìyá ẹ̀yìn odi wa tí mo ní mò ń bọ̀ lórí rẹ̀, opó ni. Ọdún tí kànga wa kọ́kọ́ gbẹ, mo wà lẹ́nu géètì nígbà táwọn àgbà àdúgbò ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó ti fa omi gbogbo wa sọ́dọ̀ ara rẹ̀, pé ojú lásán kọ́. Èmi tíṣà jọ́gíráfì, tí mo mọ̀ pé àpáta tó sán ló bọ́ sábẹ́ ilé rẹ̀, mo dúró síbẹ̀, mo ń mi orí. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sígbà yẹn, obìnrin náà gbé rọ́bà omi gba orí odi sọ́dọ̀ wa, ó ní kí ìyàwó mi máa pọn ún, kò gba owó. Ojú tì mí débi pé ìyàwó mi ló lọ dúpẹ́.

* * *

Ẹ jẹ́ ká ṣeré díẹ̀. Ẹnì kan ní tí kánàkò bá wà, kí ló dé táwọn òyìnbó fi la ojú irin dé Ìlọrin ní 1908, tó sì dé Jẹ́bà ní 1909? Ẹ̀gbọ́n, kánàkò ń ká ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀, kì í gbé àpò ẹ̀pà. Ẹlòmíràn ní egbé ńkọ́. Ewu ló ń lé èèyàn wọnú egbé, kò sẹ́ni tó ń fi egbé nájà. Lójú tèmi, oṣó tó lóye á wọ ọkọ̀ ojú irin bíi gbogbo èèyàn, á fi agbára rẹ̀ pa mọ́ de ọjọ́ ìjà.

Àwọn tó ń fò lóru wá ńkọ́? Tí ọyẹ́ bá ki, bàálù gan-an kì í rí ilẹ̀ Ìlọrin bà sí. Kí ẹyẹ náà jókòó sílé.

* * *

Ó yá, omi.

Eruku ọyẹ́ yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀, Bodélé ló ti ń wá, kòtò ilẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Chad. Láyé àtijọ́, nígbà tí adágún Chad tóbi fíìfíì ju báyìí lọ, ìsàlẹ̀ omi ni Bodélé. Omi gbẹ lọ. Ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀ omi, ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí, ló di eruku lẹ́búlẹ́bú tí afẹ́fẹ́ ń rù wá sọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún. Èyí tó o bá fi ìka nù lórí tábìlì rẹ ní Ọ̀fà lóṣù kìíní, adágún lo fọwọ́ kàn yẹn.

Jẹ́ kí àwọn oṣó rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pe adágún náà padà nínú eruku. Má jẹ́ kó rọrùn fún wọn o. Odidi ìlú á tẹ́ àtẹ sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dàárọ̀, ohun tí wọ́n á rí kò ní ju igbá omi kan lọ, àwọn oníwàláà á ní tàwọn ni, àwọn yòókù á ní ọmọ àwọn ń sunkún òùngbẹ. Ní ọjọ́ tó kù, kí wọ́n ṣe bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe: kí wọ́n fi igbá wa yanrìn inú odò tó gbẹ títí omi á fi sun.

Ààrin Bodè Sáàdú sí Jẹ́bà ni mo gbé wọn sí, kí wọ́n má jìnnà sí Ọya. Odò Àsà tó la Ìlọrin sí méjì náà, àríwá ló kọjú sí, ọ̀dọ̀ Ọya ni omi rẹ̀ ń lọ. Ọya ni odò, Ọya kan náà ló ni ìjì. Ààjà tó kó wọn débẹ̀ àti omi tí wọ́n ń ṣàfẹ́rí, àgbàlá ẹnì kan ṣoṣo ni méjèèjì ti wá. Bí wọ́n bá ti ṣẹ ẹ́ níbì kan, kí wọ́n má retí pé á dáhùn níbì kejì.

* * *

Ọmọ Ọ̀fà fèsì lálẹ́ àná. Ó ní òun ti pa ràkúnmí jẹ, òun ti wó odi, osè ni òun fi ṣe ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ fi ọ̀kan nínú àwọn oṣó náà sínú bárékè Sóbí bíi kúùkù, mo ní kó ṣe é.

Ó ní àbúrò òun tún ti béèrè òmíràn: tí wọ́n bá ń pe adágún jáde nínú eruku, ṣé ẹja inú rẹ̀ á bá a wá? Ẹja náà á sì ti mọ̀ pé ilé òun ti gbẹ?

Mo ti jókòó tì í láti àárọ̀, n kò tíì rí èsì gidi fún ọmọ náà. Oṣù kejì ọdún la wà, ẹ̀rọ wa tún ti ń húkọ́. Ìyá ẹ̀yìn odi ló ń kígbe orúkọ mi yẹn pé kí n wá gba ẹnu rọ́bà, omi ti ń dà sílẹ̀.